Bọ́ọ̀lù Tó Dúró Lórí Ìlà

Òórùn ẹran ewúrẹ́ sísun ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọjọ́ àṣekágbá ife bọ́ọ̀lù yẹn ní Mowé. Ẹ̀yìn kánópì Olóyè tó gbé ife náà kalẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ún, èéfín rẹ̀ ń fẹ́ wá sójú pápá, ebi sì ń pa wá. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ ẹran ewúrẹ́ sísun mọ́. Ìyàwó mi rò pé dókítà ló kìlọ̀ fún mi. N kò tíì sọ fún un pé ìríra ni, pé bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, ohun tí mo máa ń rí ni ẹnu àwọn àgbàlagbà tó ń dán fún ọ̀rá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe parí kí rẹfirí tó fọn fèrè.

Ìbàfò ni mo ń gbé nígbà náà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn olówó ni, kò sì sí èyí tó ń ya fídíò nínú wọn, ìdí nìyí tí kò fi sí àwòrán kankan tí mo lè fi han ẹnikẹ́ni lónìí. Mo ti jáde ilé ìwé, n kò rí iṣẹ́, ohùn nìkan ni mo ní. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa bá fẹ́ ṣeré, èmi ni mo máa ń di mẹ́gáfóònù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí mo máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún àwọn òǹwòran bí ẹni pé wọn kò ní ojú. Mo ra jígí dúdú kan, mo sì ń lò ó kódà bí òjò bá ṣú, torí mo gbà pé lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Abẹ́òkúta máa gbúròó mi, wọ́n á sì fi mọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Mọ́tò náà kò dé títí dòní. Bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe nítòsí pápá máa ń sọ pé, "Ọmọ yìí, bó o bá lè dákẹ́ díẹ̀, a ó gbádùn bọ́ọ̀lù yìí." Mo rò pé ìlara ló ń ṣe bàbá náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ọmọ Ifọ̀ ni, ó wá kọ́ṣẹ́ àga ṣíṣe lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà kan ní Ìbàfò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹni tó bá rí i níbi tó ti ń fi ìfági fá pákó kò ní rò pé ó lè sáré. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì sì ni gbogbo wa ń pè é. Bọ́ọ̀lù á já bọ́ láti òkè bí òkúta, àmọ́ bó bá ti kan ẹsẹ̀ yẹn, ṣe ló máa bà lé e bí lékeléke ṣe ń bà lé ẹ̀yìn màlúù. Kì í sá fún ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Á dúró dè é, bí onílé ṣe ń dúró de àlejò, á jẹ́ kó sún mọ́ òun dáadáa, lẹ́yìn náà lẹ máa rí ẹni náà tí yóò máa wo ilẹ̀, tí yóò máa wá ohun tó sọ nù. Nígbà kan tí ẹgbẹ́ kan wá bá wa gbá láti Akute, ó yí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn po títí ọmọ náà fi ṣubú. Ó dúró, ó fa ọmọ náà dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára jẹ́sì rẹ̀, ó sì tún yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ Akute náà fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ iye èèyàn tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nítorí rẹ̀. Télọ̀ àdúgbò wa máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ ra òwú, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ ti máa rí i.

Àmọ́ ife kankan kò sí níbẹ̀. A kì í gba ife. Bí àǹfààní bá wà láti gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́nà tí kò dára lójú, tí ọ̀nà mìíràn sì wà tó le ṣùgbọ́n tó rẹwà, èyí tó rẹwà ni Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì máa mú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì ń fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Kóòṣì wa máa ń bínú sí i gan-an. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni Kóòṣì, alàgbà ni nínú ìjọ, àdúrà rẹ̀ máa ń gùn ju ìdánrawò wa lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ láìgba nǹkan kan, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un bíi bàbá. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ pátápátá nígbà náà.

Olóyè ní tirẹ̀, ilẹ̀ ló ń tà. Gbogbo ẹni tó bá sá kúrò l'Ékòó wá ra ilẹ̀ sí Mowé àti agbègbè rẹ̀ ló máa bá a pàdé. Ó fẹ́ du ipò alága káńsù, ó wá gbé ife bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ ní Mowé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ni balógun ẹgbẹ́ náà. Bí Ọlọ́run ti fẹ́ ẹ, lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ wa lu gbogbo ẹni tó dojú kọ wá, a sì bá ara wa ní àṣekágbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Olóyè. Ìbàfò kò sùn. Èmi fúnra mi lọ yá kóòtù wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Kóòṣì kó gbogbo wa sínú kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn pápá wa. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbàdúrà, a ṣe àmín. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ ọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti bá Olóyè sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ láti Owódé àti Abẹ́òkúta, wọ́n fẹ́ rí ọmọ Olóyè níbi tó ti ń gba ife. Ẹ jẹ́ kó gbà á. Ife lásán ni. Olóyè kò ní gbàgbé wa. Àwọn tó ń wá ọmọ fún kílọ́ọ̀bù l'Ékòó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n." Ó nàka sí Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì. "Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa gbójú sókè. "Sà, ṣé ẹ ní ká mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù ni?"

"Ta ló pè é ní pípàdánù? Ọgbọ́n lèmi ń pè é."

Mo wo ojú àwọn tó kù, mo rò pé wọ́n máa pariwo, àmọ́ mo rí i tí ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ń tẹ orí ba, tí kálukú ń fi inú ro ohun tó máa kan òun nínú ìlérí náà. Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀.

"Kóòṣì, ẹ má bínú sà. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe gan-an? Ṣé ká má ṣeré ni?"

"Ẹ ṣeré o! Ẹ ṣeré dáadáa, káwọn èèyàn má baà fura. Ẹ kàn má gbá a wọlé."

"Mo ti gbọ́ sà," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Mo bú u nínú ọkàn mi. Mo pè é ní ojo. Ohun tí Kóòṣì kò sọ fún wa, tí a padà wá gbọ́, ni pé Olóyè ti ṣèlérí púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan fún òun alára, òun tó ti ń háyà yàrá láti ìgbà tó ti gbéyàwó.

Pápá Mowé kún débi pé àwọn èèyàn gun igi. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì wá láti Ifọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wo ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ Olóyè ta bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ kan, gólì wa tó ń ṣọ́ ilé sì ṣubú bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ní abẹ́ kánópì, wọ́n dìde, wọ́n ń jó. Mo gbé mẹ́gáfóònù sẹ́nu, n kò rí ọ̀rọ̀ tó dùn sọ, mo kàn sọ pé bọ́ọ̀lù ti wọlé.

A ti padà láti ìsinmi kí Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì tó béèrè fún bọ́ọ̀lù. Láti àgbègbè tiwa ló ti gbà á. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kọjá, ó ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹnì kejì, ó dúró de ọmọ Olóyè, ó sì fi í sílẹ̀ lórí ìdí. Gólì wọn jáde sí i, ó fà á sápá kan, gólì gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ilé ṣófo. "Góòlù!" lèmi ti ké nínú mẹ́gáfóònù, gbogbo pápá sì ti ké e pẹ̀lú mi. Àmọ́ bọ́ọ̀lù kò wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì tì í dé orí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dúró. Ó wo kánópì Olóyè. Ó wo Kóòṣì. Lẹ́yìn náà ló fi gìgísẹ̀ fa bọ́ọ̀lù padà, ó yíjú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín àwọn èèyàn kan náà kọjá padà sí àárín pápá.

Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ, bọ́ọ̀lù tún dúró lórí ìlà. Ẹ̀rín tán. Ọkùnrin kan kígbe láti orí igi pé, "Wọ́n ti tà á! Wọ́n ti ta bọ́ọ̀lù yìí!" Ariwo sọ. Nígbà tó máa fi dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ Mowé kò tiẹ̀ lé e mọ́, wọ́n dúró, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà. Gólì wọn kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí mo wà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá a wọlé. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín mọ́."

Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un lórí ìlà, ó sì rìn jáde kúrò ní pápá kí Kóòṣì tó ń sáré bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Olóyè, ọkùnrin ńlá kan, wá bá mi. "Sọ̀rọ̀! Yin Olóyè! Ṣé odi ni ẹ́ ni?" Mo yọ jígí ojú mi, mo wò ó, mo sì gbé mẹ́gáfóònù kúrò lẹ́nu. Ó já mẹ́gáfóònù gbà, ó pariwo orúkọ Olóyè sínú rẹ̀, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Àwọn èèyàn ti ń tú ká, ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì lọ sójú títì márosẹ̀, láìkọrin, láìpariwo. Ọmọ Olóyè gba ife níwájú àga òfìfo. Wọ́n pín ẹran. Mo rí méjì nínú àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n tọwọ́ bọ inú àwo, tí Kóòṣì sì ń bu omi fún àlejò kan láti fọwọ́.

Mo rò pé ibi tí ìdọ̀tí náà mọ nìyẹn. Kò mọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ bá Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, wọ́n bú u. Wọ́n ní ó ti ba ọjọ́ iwájú àwọn jẹ́, pé bí kò bá fẹ́ gbọ́ràn, kí ló dé tí kò gbá a wọlé, bó bá sì fẹ́ gbọ́ràn, kí ló dé tí kò jókòó jẹ́jẹ́. Gólì wa ló pariwo jù. Àwọn tó ń wá ọmọ fún kílọ́ọ̀bù l'Ékòó kò pè é. Nígbà tí kílọ́ọ̀bù mìíràn tí kò mọ Olóyè rárá wá béèrè rẹ̀, Kóòṣì, ẹni tí a ń pè ní bàbá, sọ fún wọn pé igbó ló ń mu, pé orí rẹ̀ kò pé. Ọmọ tí kò mu sìgá rí! Ní ti púlọ́ọ̀tì náà, Olóyè ti tà á fún ẹlòmíràn kó tó fún un; ọjọ́ tí Kóòṣì kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀ ni wọ́n fọ́ ọ mọ́ ọn lójú. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, ìdùnnú yẹn náà wá rí mi lára.

Èyí tó burú jù ni ti ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ títà nínú ariwo yẹn. Ohun tó rí ni pé ọmọ òun dé ẹnu ọ̀nà ire, kò wọlé, tó tún dé ibẹ̀, tí kò tún wọlé. Ó gbà pé ayé ló ń ṣe é. Ó fà á lọ sí ilé àdúrà kan kí wọ́n lé ẹ̀mí àṣetì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo bá wọn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wòlíì ní kó bọ́ bàtà òsì, ó da òróró sí i lẹ́sẹ̀, ó ń pariwo pé kí àṣetì jáde. Ẹ sì mọ ẹni tó di ìgò òróró mú? Kóòṣì ni. Òun ló júwe ibẹ̀ fún màmá. Ó ń ṣe àmín ju gbogbo wa lọ. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì sì rọra di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára màámi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tí wọ́n ń pè ní alàgbà ló ṣe é, wọ́n á ṣubú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da òróró náà. Kò dun ẹsẹ̀."

Ó parí iṣẹ́ kíkọ́, ó padà sí Ifọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ìtòsí ojú irin. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fún ẹgbẹ́ kankan. Èmi náà gbé mẹ́gáfóònù jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta sìmẹ́ǹtì. Pápá wa ti di ilé. Síbẹ̀, mo máa ń bá àwọn àgbàlagbà pàdé ní ibi tí wọ́n ti ń gẹ irun tí wọ́n ń júwe ọjọ́ yẹn fún àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n á dìde lórí àga, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ Olóyè, tí òun náà ti di olóṣèlú báyìí, pe àpéjọ láti dá àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù agbègbè wa lọ́lá. Wọ́n pe Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì. Ó ní kí n sin òun lọ. Kóòṣì wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun báláú, wọ́n sì fún un ní máìkì.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí. "Bọ́ọ̀lù tó dúró lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀, ká lè fi han àwọn oníwà ìbàjẹ́ pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ Olóyè, ẹni tó gba ife ọ̀hún, òun ló kọ́kọ́ dìde. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ìdin gùn. Mo fẹ́ dìde, Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì sì ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n." Ó lọ síwájú, ó gba pátákó ìdánilọ́lá tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Kóòṣì.

Nínú mọ́tò, n kò lè pa á mọ́ra. "Kí ló dé tó o dọ̀bálẹ̀ fún irú èèyàn yẹn?"

"Ẹ̀kọ́ ilé mi ni mo lò, ẹ̀gbọ́n. Kò kan tirẹ̀."

Nígbà tí a kọjá Mowé, ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá ìyá òun dùbúlẹ̀, òun sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Màmá wá béèrè pé, "Ṣé o lè gbá a wọlé lọ́jọ́ náà?" Òun ní, "Mo lè gbá a wọlé, màámi." "Ẹsẹ̀ náà kò ṣe nǹkan kan rí?" "Kò ṣe nǹkan kan rí." Màmá ní kó gbé ẹsẹ̀ òsì náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ pa á, ó ní, "Ó tó."

A dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yí pátákó náà síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì yínmú. "Ẹ wo iṣẹ́ ìdọ̀tí. Wọn ò tiẹ̀ fi sáńpépà pa á kó dán." Ó jù ú sórí àwọn àjákù pákó, ó wọlé lọ síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Mo padà sí Ìbàfò ní èmi nìkan. Àwọn tó dàgbà ju mi lọ máa ń sọ pé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, pé ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti gbàgbé, kí ni ti alágbàsọ? Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ó ti rọrùn fún un, ó rọrùn fún ìyá rẹ̀ kó tó lọ, ọkàn wọn gbòòrò ju tèmi lọ. Èmi kò tíì lè sọ pé ó tó. Mo ṣì ń rí Kóòṣì nígbà mìíràn lójú ọ̀nà, mo máa ń kí i, torí àgbà ni, lẹ́yìn náà ni mo máa tutọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá ti kọjá. N kò fi ṣe yangàn. Mo kàn ń rò ó pé bí gbogbo wa bá gbàgbé, tí kò sí ẹnì kan tí inú rẹ̀ ṣì ń rìn sí i, ìtàn tí Kóòṣì sọ lórí máìkì yẹn ló máa di òótọ́.